Ẹ̀rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníyan Pé Gbogbo Wa Gbà

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkìrun, ó ń fi ẹ̀kọ jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo wo ojú ọ̀run, mo ní, "Bàbá Dáraolúwa, ẹ mú agbòjò yín o. Òjò máa rọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ojú ọ̀run ti ṣú."

"Ó ṣú lánàá náà. Ṣé ó rọ̀?"

"Kò rọ̀."

"Ṣíṣú nìkan kò tó nígbà náà. Wá ẹ̀rí mìíràn wá."

Mo ní kó máa lọ, pé òjò fúnra rẹ̀ á mú ẹ̀rí wá bá a lọ́nà. Ó fi agbòjò sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wọ ọkọ̀ kórópe lọ sí Òkukù. Nígbà tó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, omi ń jò lára rẹ̀ wálẹ̀, ṣọ́ọ̀kì inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ti di ògì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rí rẹ bá mi lọ́nà. Mo gbà."

Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò sì rí ìparí ọyẹ́ náà. Ìdí tí mo fi ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé, ká ní ọkọ mi wà láàyè ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníyan kì bá tí dé orí àga tó jókòó lé, àwa náà kì bá sì tí rí bó ṣe kúrò lórí rẹ̀.

Ajíbádé ni orúkọ ọkọ mi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Ìràwọ̀ Òwúrọ̀, èyí tó wà lójú ọ̀nà láàárín Inísà àti Òkukù. Kì í ṣe olókìkí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni Pátákó Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan á mú ṣọ́ọ̀kì, á dúró níwájú pátákó, á sì máa fi ẹ̀rí ohun kan hàn ní ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ló láṣẹ láti dá a dúró ní ìlà yòówù kó jẹ́, kó sì bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Bí ẹni tó wà lójú pátákó bá dáhùn, iṣẹ́ á máa lọ. Bí kò bá lè dáhùn, tàbí bó bá ní "ó hàn gbangba," yóò gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún ẹni tó béèrè. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ọkọ mi náà ti gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé rí, á sì wá ròyìn rẹ̀ fún mi nílé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ̀yin náà lè bi mí pé báwo ni èmi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo jókòó sí Ìkìrun, ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọ́fíìsì tí mi ò wọ̀ rí. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ mi ò fi mí sílẹ̀. Wọ́n ń wá, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Màmá Ṣẹ́gunfúnmi, ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n, àti èmi jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò bá sì ti sọ nǹkan fún mi, mo fi ojú inú wò ó, nítorí mo mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé bó ṣe ń fẹ́ kí wọ́n máa kí òun: Ọ̀jọ̀gbọ́n Díákónì Olóyè Jọláyẹmí Ọláníyan. Bí ẹnikẹ́ni bá fo ọ̀kan nínú oyè wọ̀nyí, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo òkè àjà títí wọn yóò fi tún un kí. Ẹ má bínú pé "ó" ni èmi ń pè é. Àwọn tó ń pè é ní "wọn" ti pọ̀ tó.

Ó ka ìṣirò nígbà èwe rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn án sínú ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ni kò ti fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì mọ́. Láti ìgbìmọ̀ dé ìgbìmọ̀ ló gbà di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un lóyè náà dá lórí bí ó ṣe yẹ kí a to àga sínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìwé náà dára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àwọn àga náà tò.

Nígbà tí ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò, kú, Ọláníyan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n gbé àwòrán òun kọ́ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá. Fèrèsé ti gba ògiri tán, nítorí náà wọ́n gbé e kọ́ sórí pátákó. Àwòrán náà tóbi. Fìlà rẹ̀ kan àjà, agbádá rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ bo apá òkè pátákó. Láti ọjọ́ náà, apá ìsàlẹ̀ ló kù fún ìmọ̀. Ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ bá gùn á fi orúnkún ilẹ̀ kọ ìparí rẹ̀.

Olùkọ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Tímótì, tí ìwé ìgbéga rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ń dúró de ìfọwọ́sí rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ tó kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i, sà? Kí ẹ tó dé, òòró ni wọ́n máa ń dúró kọ̀wé. Ẹ wò wọ́n báyìí. Ìwà ọmọlúàbí ti wọ ẹ̀ka wa!"

"Mo rí i, Tímótì. Mo rí i. Èmi náà ò mọ̀ pé á tètè wọ̀ tó báyìí."

Lẹ́yìn èyí ló gbógun ti òdo. Wọ́n gbé èsì ìdánwò kan wá bá a, ó rí i pé àwọn ọmọ bíi mélòó kan gba òdo. Ó pe gbogbo ẹ̀ka jọ.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa! Nínú ẹ̀ka tí èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n Díákónì Olóyè bá jẹ́ olórí rẹ̀, kò ní sí òdo mọ́! Bàbá mi kò ní òdo. Bàbá bàbá mi ní Ìbà kò ní òdo. Ẹ̀mí òfo ni òdo, mo sì lé e jáde lónìí!"

"Àmín ọ̀!" ni Tímótì ké.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró, Ìbùkún, nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí a bá yọ márùn-ún kúrò nínú márùn-ún ńkọ́?"

"Kí ló dé tí ẹ fẹ́ yọ ọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà!"

Ní odidi sáà yẹn, "ó kù díẹ̀" ni àwọn olùkọ́ ń kọ síbi tí òdo yẹ kó wà. Ìbùkún gba "ó kù díẹ̀" kan, ó sì fi han bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbàdúrà fún un.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí ni ti Ọjọ́bọ̀ tó fòpin sí ìbéèrè lójú pátákó.

Ẹ̀rí ayédèrú kan wà tí ọkọ mi máa ń gbé fún àwọn ọmọ tuntun lọ́dọọdún. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló ń dán, ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ àwọn ọmọ náà sì ni láti wá ihò náà rí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Mofolúwakẹ́ gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ọmọ Inísà ni, ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn. Ní Ọjọ́bọ̀ náà, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ agbádá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì ń kọ ọ́, ó ń ṣàlàyé.

"Ẹ̀rí pé èrò kan náà ni gbogbo èèyàn ní. Ẹ má sá, kò le. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo: ó gbà pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìyẹn dájú. Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé a ti mọ̀ pé èèyàn mẹ́wàá tó bá pé jọ máa ń ní èrò kan. Fi ẹnì kan kún wọn, wọ́n di mọ́kànlá. Ní kí ẹni àkọ́kọ́ bọ́ síta: mẹ́wàá ló kù, èrò wọn ṣọ̀kan. Ní kó wọlé padà, kí ẹni ìkẹyìn bọ́ síta: mẹ́wàá ló tún kù, èrò wọn ṣọ̀kan. Àwọn tó wà láàárín, tí wọn ò jáde rárá, ló so ẹni àkọ́kọ́ mọ́ ẹni ìkẹyìn. Nítorí náà àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá ní èrò kan. Bí a ṣe máa fi ẹnì kọ̀ọ̀kan kún un nìyẹn, láti orí ẹnì kan títí dé orí gbogbo ayé."

Ó kọ ìlà tó gbẹ̀yìn: *Gbogbo èèyàn gbà.*

Jemima, ọmọ tuntun kan tó jókòó sẹ́yìn, ti nawọ́ sókè. Ojú rẹ̀ ti ń tàn, ó ti rí nǹkan. "Àǹtí, báwo lẹ ṣe..."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, Tímótì ń tẹ̀ lé e.

"Ta lò ń bi léèrè ọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Àǹtí Mofolúwakẹ́ ni, sà."

"Ṣé ó jù ọ́ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì ń yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò! Lónìí ẹ̀gbọ́n rẹ, lọ́la olùkọ́ rẹ. Lọ́túnla, èmi!"

Mofolúwakẹ́ dìde, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò ní orúnkún rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣà ẹ̀ka wa ni. Olóògbé ló dá a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó béèrè, torí ìbéèrè yẹn gan-an ni a..."

"Olóògbé ti lọ sinmi. Àṣà rẹ̀ náà á lọ sinmi. Láti òní lọ, kò sí ìbéèrè mọ́ lójú pátákó yìí. Ẹ jáde! Ìwọ, kí lorúkọ rẹ?"

"Mofolúwakẹ́, sà."

"Tímótì, fi orúkọ yẹn sọ́kàn."

Wọ́n jáde. Ó ku Ọ̀jọ̀gbọ́n, Tímótì, àti pátákó. Ó ka ìlà àkọ́kọ́. Ó ka èkejì. Ó tẹ̀ síwájú. Nígbà tó dé ìlà tó gbẹ̀yìn, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ní àsìkò yìí, àga Gíwá, olórí gbogbo yunifásítì, ṣófo. Ìgbìmọ̀ àwọn alákòóso ti kéde pé ẹni tí gbogbo èèyàn bá fara mọ́ ni àwọn máa yàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbé sùn, tó ń gbé jí.

"Tímótì, kí lo rí níbẹ̀ yẹn?"

"Ìṣirò ni, sà."

"Kì í ṣe ìṣirò. Ìbò ni. Ìbò tí wọ́n ti dì tán." Ó fi ìka kan ìlà tó gbẹ̀yìn. "Ṣé ó tọ̀nà?"

Ọkọ mi ló kọ́ Tímótì. Nínú yàrá yẹn gan-an ló ti wá ihò yẹn rí nígbà tó jẹ́ ọmọ tuntun, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbéga rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó wo pátákó, ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ó tọ̀nà ju bó ṣe yẹ lọ, sà."

Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe lé ìbéèrè jáde nìyẹn, tó sì mú ayédèrú lọ sílé.

Ilé rẹ̀ wà ní Ìkìrun, kò jìnnà sí tiwa. Màmá Ṣẹ́gunfúnmi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó wọlé tó sì sọ fún un pé òun máa di Gíwá, pé gbogbo èèyàn ti fara mọ́ ọn.

"Èmi ò fara mọ́ ọn o, Bàbá Ṣẹ́gun. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ò tíì wálẹ̀. Ohun tí dókítà sọ ni pé kí ẹ sinmi."

"O ti fara mọ́ ọn."

"Ìgbà wo?"

"Ìṣirò ti fi hàn. O gbà láìmọ̀."

Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Èmi? Inú mi yìí?"

Ó fi àánú rẹ́rìn-ín sí i, ó ní kó bu omi tútù wá. Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé òun bu omi náà, pé òun sì dúró ti ife yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí òun tó gbé e lọ.

Nígbà tí èsì àwọn ọlọ́dún ìkẹyìn jáde, ti Mofolúwakẹ́ kò sí níbẹ̀. Kò kùnà iṣẹ́ kankan. Wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ló dá a dúró nítorí ìwà. Bí èsì náà kò bá sì jáde, orúkọ rẹ̀ kò ní bá ti àwọn àgùnbánirọ̀ lọ. Gbogbo ọdún tó fi kàwé á sì dúró sójú kan náà. Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Inísà, tó sì jẹ́ opó, bá a lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n kúnlẹ̀ pọ̀.

"Ẹ ṣàánú wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo òkè àjà.

Tímótì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ sí wọn létí. Ìyá náà tún ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. "Ẹ ṣàánú wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Díákónì Olóyè."

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀. "Èmi kì í ṣe ọ̀dájú èèyàn, Màmá. Mo fẹ́ ṣe àkànṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Àwọn ìgbìmọ̀ á wà níbẹ̀, àwọn ọba á rán aṣojú wá. Mo fẹ́ kí ọmọ yín dìde níwájú wọn, kó jẹ́rìí ní orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé òun ti wo ẹ̀rí mi láti òkè délẹ̀, kò sì sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́ tán, èsì rẹ̀ á jáde kó tó délé."

Nínú kórópe tí wọ́n wọ̀ padà sí Inísà, ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? Sọ ọ́ kóo gba ìwé rẹ."

"Kì í ṣòótọ́, Màmá."

"Ta ló máa mọ̀? Àbí àwọn ọba mọ ìṣirò ni?"

"Màmá, bí ẹnì kan tí ẹ ránṣọ fún bá wá ní kí ẹ bá òun jẹ́rìí pé aṣọ náà bá òun mu, tí ẹ sì rí i pé kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn ńkọ́?"

Àwọn ọlọ́jà tó wà nínú ọkọ̀ ń jà lórí ẹni tó gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀ ẹni. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Inísà ni ìyá rẹ̀ tó dáhùn. "Mo máa ń tú u ni. Ó máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo máa ń tú u."

Mofolúwakẹ́ wá sọ́dọ̀ mi ní Ìkìrun lọ́jọ́ kejì. Kò jẹun. Ó bi mí pé, "Màmá, kí ni Bàbá ì bá ṣe ká ní àwọn ni?" Mo sọ òótọ́ fún un pé mi ò mọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nígbà tí mi ò bá mọ̀ ni pé mo máa ń bi ọkọ mi.

Ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé. Wọ́n fi aṣọ ńlá kọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn: Ẹ̀RÍ ỌLÁNÍYAN: GBOGBO WA GBÀ. Èmi náà lọ. Ìyá Mofolúwakẹ́ jókòó tì mí nínú aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà rẹ̀, ó yọ bàtà sábẹ́ àga. Màmá Ṣẹ́gunfúnmi wà ní àga iwájú pẹ̀lú àwọn alákòóso. Alága wọn ti sùn kí wọ́n tó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán.

Tímótì gba máìkì. "Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Díákónì Olóyè tó dé, kí ni ìṣirò? Ọmọ òrukàn! Nọ́ńbà ń rìn kiri láìní olùtọ́jú. Ẹẹ́ta ń ṣáájú eéjì, kò sẹ́ni tó bá wọn wí! Ta ló kó wọn jọ? Ta ló tò wọ́n?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọwọ́ ní kó rọra, ojú rẹ̀ sì ń sọ pé kó má rọra.

Ó dìde, agbádá rẹ̀ sì dìde lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti gbé pátákó tuntun kan síwájú. Ó mú ṣọ́ọ̀kì ní ìka méjì, bí ẹni mú eegun ẹja. "Ẹ̀yin àgbà, láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń jà nítorí èrò. Wọ́n dìbò, wọ́n jà. Wọ́n ṣèpàdé, wọ́n jà. Lónìí, èmi Ọláníyan fi òpin sí i!"

Ó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, Tímótì á ju áńkáṣífù funfun sókè, àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Gbogbo wọn ló ti ṣe iṣẹ́ yẹn ní ọdún àkọ́kọ́. Mo gbọ́ tí Ìbùkún ń sọ lẹ́yìn wa pé, "Olúwa ò, kò mọ̀. Kò mọ̀ rárá!"

"Nítorí náà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "gbogbo èèyàn gbà pé kí n di Gíwá. Ẹni tó bá ní òun ò gbà, inú rẹ̀ gbà. Mofolúwakẹ́! Dìde. Ìwọ tí o ṣàìgbọràn rí, sọ fún ayé: ǹjẹ́ o rí àṣìṣe kankan?"

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú.

Mofolúwakẹ́ kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé, ó sì dìde dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ibì kan ló kù tí kò yé mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹnì kan. Lẹ́yìn ẹnì kan, èèyàn méjì ló kàn. Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀yin àti Màmá tó wà níwájú yìí. Bí ẹ bá bọ́ síta, Màmá nìkan ló kù, wọ́n gbà pẹ̀lú ara wọn. Bí Màmá bá bọ́ síta, ẹ̀yin nìkan ló kù, ẹ gbà pẹ̀lú ara yín. Ta ló wá wà láàárín, tó so yín pọ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo pátákó bí ẹni tó ń wá ẹni tó wà láàárín.

Màmá Ṣẹ́gunfúnmi dìde ní àga iwájú. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Mi ò gbọ́ kó gbóhùn sókè rí. "Mo ti sọ ọ́ nílé," ló wí. "Èmi ò fara mọ́ ọn."

"Jókòó, Màmá Ṣẹ́gun! O fara mọ́ ọn!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Màmá kò mọ̀ pé àṣà ẹ̀ka ni. Ìbéèrè ìyàwó lásán ló bi ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́, àwọn ọlọ́dún ìkẹyìn, Ìbùkún lórí àga, wọ́n ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n na apá rẹ̀ méjèèjì. "Ó hàn gbangba!" ló kígbe. "Ó hàn gbangba!"

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ òfin tó wà fún ìyẹn. Òun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Jemima jáde láti ẹ̀yìn, ó gba àárín àga kọjá, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọwọ́ náà. Mo rò pé ó rò pé ọmọ náà fẹ́ bá òun gbé ẹrù. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì náà lé e lọ́wọ́.

Ariwo tó sọ ló jí alága. "Ṣé a ti gbà?" ló béèrè.

Wọn ò gbà. Àwọn ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè níta, ó sì hàn pé oníkálukú wọn ti rò pé àwọn yòókù ló fẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí ẹnì kan tó fẹ́ ẹ. Wọ́n tún bi Mofolúwakẹ́ ìdí tí wọ́n fi dá èsì rẹ̀ dúró, ó sì sọ fún wọn. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀ lé e: èyí tó fo "Díákónì," èyí tó fo "Olóyè," èyí tó kọ òdo sínú ìwé ìdánwò rẹ̀ nítorí pé òdo ni ìdáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò dé orí àga Gíwá, kò sì rí àga olórí ẹ̀ka jókòó lé mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ipò sílẹ̀, Tímótì wà lẹ́nu ọ̀nà obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka tuntun, ó ń sọ fún un pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti rí ihò náà. Obìnrin náà ní inú òun dùn láti gbọ́ ọ; ó sì fi í ṣe alábòójútó Pátákó Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní kò sí Ọjọ́bọ̀ tí Jemima kì í bi í ní ìbéèrè.

Wọ́n gbé àwòrán náà kúrò. Apá òkè pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúdú kirikiri, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Àwọn ọmọ ti ń dúró kọ̀wé padà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wà ní oko rẹ̀ ní Ìbà. Màmá Ṣẹ́gunfúnmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀, pé ó sì máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun báyìí kó tó ṣe é. Ó ní ó kọ́kọ́ ba òun lẹ́rù.

Èsì Mofolúwakẹ́ jáde, ó sì ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìlú kan lókè Ọya. Ìyá rẹ̀ ló rán aṣọ tó wọ̀ lọ. Mofolúwakẹ́ máa ń pè mí ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tó bá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tán.

Òní náà jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láti òwúrọ̀, mo ń kọ èyí. Ojú ọ̀run ti ṣú, mo sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé òjò máa rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe mọ̀. Agbòjò náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.